Àtẹ̀gùn Tí Wọn Kì Í Kà

Ilé mẹ́ta ló kù kí Mákànjúọlá parí àtúnwò Orí-Òpó, àwọn ọkọ̀ agbélé sì ti dúró sí ẹnu ọ̀sà láti àná. Mẹ́rin ni wọ́n. Apá irin wọn gùn ju igi àgbọn lọ, wọ́n sì ká a mọ́ra bí àlejò tó jókòó tó ń retí kí oúnjẹ jinná. Gbogbo ará Orí-Òpó ló ti rí wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin tó ń sá ẹja lórí pèpéle ilé rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀sà. Ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe náà kọ ẹ̀yìn sí i.

Oòrùn ló ń wa ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí Mákànjúọlá wà nínú rẹ̀, Dúródọlá ló sì di ìtọ́kọ̀ mú. Òfin Ẹgbẹ́ Aládíwọ̀n ni: ẹni tó ń bójú tó ìlú kan ni yóò wa ẹni tó wá tún un wò káàkiri, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ jẹun pọ̀ kí iṣẹ́ tó parí.

"Ilé Adéṣídà nìyí," ni Dúródọlá wí. "Àtẹ̀gùn márùn-ún, òpó méjìlá, ògiri pákó, èèyàn mẹ́fà tó lápá. Ẹ kà á fúnra yín, kí ẹ má lọ sọ ní ìpàdé pé mo parọ́."

"Mi ò pè yín ní onírọ́ rí."

"Ẹ ò pè mí ní nǹkan kan láti ọdún mẹ́rìnlá. Òpó ilé wa lẹ̀ ń kí. Lánàá mo rí i tí ẹ fọwọ́ pa ọ̀kan lára. Mo ní ó dáa, ó kù díẹ̀ kó kan èmi náà."

Mákànjúọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó ka àtẹ̀gùn, márùn-ún ni. Ó ka òpó, méjìlá ni. Ó sọ ọ́ sínú dígí kékeré tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ Adíwọ̀n sì dáhùn pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kì í gbóná, tí kì í tutù.

"Mo gbọ́. Ó ku ilé méjì."

Òótọ́ ni Dúródọlá sọ. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti gbé ọwọ́ lé dígí ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ Ẹ̀bá-Ìbú, ìlú tí wọ́n bí Mákànjúọlá sí, kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Aládíwọ̀n Orí-Òpó ló ń pè é, bí ẹni tó ń dárúkọ àìsàn tí kò fẹ́ kó wọlé òun. Lọ́jọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé kó má fọwọ́ sí i. Obìnrin náà ní, "Iye tí ẹ̀yin fúnra yín kà ni èmi náà bá níbẹ̀." Ó sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé Ẹ̀bá-Ìbú. Sàréè ìyá Mákànjúọlá wà lórí iyanrìn tó wà lẹ́yìn ìlú náà. Kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀ tí yóò máa kó iyanrìn tì í, òkun sì kó o lọ ní ọdún kejì.

Àwọn kan ti ní kó gbàgbé. Mákànjúọlá kì í gbàgbé. Ó ṣì mọ orúkọ ọmọ tó mu omi inú kèrègbè rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Ilé tó kàn ni ti Bọ́látitó, obìnrin kan tó ń hun àwọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀, wọ́n bá a níbi tó ti ń mú baba rẹ̀ gòkè wọlé láti inú ọkọ̀. Ará ilẹ̀ òkè ni baba náà. Ojú rẹ̀ ti fọ́, oṣù tó kọjá ni ọmọ rẹ̀ lọ mú un wá kó lè máa tọ́jú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di okùn mú, ó ń fi ẹsẹ̀ wá pákó.

"Ọ̀kan," ni baba náà wí. "Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà. Mo ti dé."

"Márùn-ún ni, Baba mi. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń kà á ní mẹ́fà."

"Ojoojúmọ́ ni mo ń gùn ún ní mẹ́fà."

"A kì í ka ti ìsàlẹ̀ mọ́ ọn níbí," ni Bọ́látitó wí. "Omi ló ni ín."

"Kí omi máa ní in. Ẹsẹ̀ mi ló ń tẹ̀ ẹ́." Baba náà jókòó, ó mí kanlẹ̀. "Ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn? Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń bá ọwọ́ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Aládíwọ̀n ni. Wọ́n ń bi ẹ̀rọ pé bí omi ńlá bá dé, ọjọ́ mélòó ni gbogbo wa máa fi ṣiṣẹ́ ká tó tún ìlú ṣe tán."

"Bí ọjọ́ yẹn bá pọ̀ ńkọ́?"

Bọ́látitó wojú Dúródọlá. Dúródọlá ló bá a dáhùn.

"Bó bá ju igba ọjọ́ lọ, Baba, wọ́n á kó wa lọ sórí òkè, wọ́n á sì rẹ́ òpó wa nísàlẹ̀ omi ká má baà padà wá. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni ẹ̀rọ pe tiwa."

"Omi náà dà?"

"Kò tíì dé."

Baba náà rò ó wò. "Mo ti ń rò pé èmi nìkan ni mi ò ríran," ló wí.

Dúródọlá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ọ̀fun. Mákànjúọlá kò gbọ́ ọ. Àtẹ̀gùn ló ń wò. Pákó mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá fi díẹ̀ ga ju ojú omi lọ, ewéko tútù ti bò ó, ó sì nípọn bí àwọn yòókù, wọ́n kàn án mọ́ òpó bí àwọn yòókù. Láti ìjẹta ló ti ń wo irú pákó bẹ́ẹ̀ nídìí ilé tó lé ní ogóje, ojú rẹ̀ kò sì rí ọ̀kan nínú wọn.

Ìyá rẹ̀ ló gbá a létí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kà á. Ó ní ti omi ni, a kì í ka ohun olóhun mọ́ tẹni. Ó ní bí omi bá dé, kó bá tirẹ̀ nílẹ̀, kó jókòó lé e, kó sì padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á ní Ẹ̀bá-Ìbú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á ní Orí-Òpó. Ìlú mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹgbẹ́, méjì péré ló sì dúró sórí omi kí wọ́n tó gbé Ẹ̀bá-Ìbú. Àwọn méje tó kù ń gbé lórí iyanrìn àti lórí òkè, gbogbo àtẹ̀gùn wọn ni wọ́n ń kà, nítorí kò sí èyí tí wọ́n fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ wí i kedere, torí pé ìwọ̀n kan náà ni gbogbo káfíńtà etí ọ̀sà fi ń gé pákó, iye àtẹ̀gùn sì ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí ilé ṣe ga ju omi lọ: gbogbo àtẹ̀gùn, láti ojú omi títí dé ilẹ̀ ilé. Mákànjúọlá ti ka ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ẹlòmíràn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó kà á, ó yé e, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkejì.

Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ka Ẹ̀bá-Ìbú. Dúródọlá wá tún un wò, ó sì kà á bí ọmọ orí omi ṣe ń kà á. Iye kan náà ni wọ́n bá. Báwo ni ì bá ṣe jẹ́ òmíràn?

"Ojú yín yí padà," ni Dúródọlá wí. "Ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá." Ó gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sẹ́nu. "Márùn-ún," ló wí.

"Mo gbọ́," ni Adíwọ̀n wí. "Ó ku ilé kan."

Nígbà tí wọ́n parí ilé tó kẹ́yìn, wọ́n kọjú sí Ilé Ẹgbẹ́, tó wà lórí àpáta ní òdìkejì ọ̀sà. Ìrìn wákàtí kan ni. Mákànjúọlá jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi etí agbádá bo ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọra bi Adíwọ̀n pé kó fi àtẹ̀gùn kan kún gbogbo ilé Orí-Òpó, kó wò ó, kó má kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà náà yọ lábẹ́ aṣọ. Àádọ́sàn-án ọjọ́ ó lé kan.

Kò bi í nípa Ẹ̀bá-Ìbú. Ó gbé ìka lé dígí náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e kúrò lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo ti ní kí wọ́n di ẹrù," ni Dúródọlá wí láìbojú wẹ̀yìn. "Àwọn kan ti dì í. Ọkùnrin kan ní òun máa so ara òun mọ́ òpó ilé òun. Mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wẹ̀, nítorí àwọn tó máa tú u kò lẹ́ṣẹ̀."

"Ẹ̀yin náà máa fọwọ́ sí i?"

"Mo fọwọ́ sí tiyín. Ẹnu wo ni n óò fi sọ pé mi ò fọwọ́ sí tèmi?" Ó yí ìtọ́kọ̀ díẹ̀. "Mo mọ̀ pé ọkàn yín á balẹ̀ lónìí. Mi ò bínú sí i. Ẹ ti dúró pẹ́."

Mákànjúọlá wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí irun funfun ti yọ lábẹ́ gèlè. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ro bí ọjọ́ yìí yóò ṣe rí. Ó ti ro ohun tí yóò sọ, ó ti ro bí yóò ṣe gbé ọwọ́ rẹ̀ lé dígí náà díẹ̀díẹ̀ kí obìnrin náà lè rí i. Nísinsìnyí tí ọjọ́ náà dé, ó dà bí aṣọ tó rán fún ara rẹ̀ nígbà tó ṣì sanra.

Àwọn tó kù ti jókòó nígbà tí wọ́n wọlé. Dígí ńlá bo ògiri iwájú, wọ́n pín in sí mẹ́sàn-án, ìlú kọ̀ọ̀kan sì jókòó sínú tirẹ̀, ní gbàgede wọn, wọ́n ń wo ìpàdé. Nínú èyí tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì ni Òkè Àgbékà wà, níbi tí wọ́n kó àwọn ará Ẹ̀bá-Ìbú lọ. Mákànjúọlá ni aládíwọ̀n wọn níbẹ̀ nísinsìnyí. Yèyé Ìbídùn, àbúrò ìyá rẹ̀, jókòó sí iwájú, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú lé orí àpótí.

Baba Ẹgbẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tẹ́wọ́gbadé, dìde. Àgbàlagbà tí kì í pariwo ni.

"Orí-Òpó," ló wí. "Igba ọjọ́ ó lé mẹ́rìnlá. A ti tún un wò, iye kan náà ni a bá. Ẹ fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i, kó sọ ìdí rẹ̀ kí iná dígí yìí tó kú. Bí ìdí náà bá ṣófo, a ó gba dígí ọwọ́ rẹ̀, ìlú rẹ̀ kò sì ní lóhùn fún ọdún mẹ́ta."

Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ bá ti kan dígí orí tábìlì, iná á tàn lábẹ́ rẹ̀. Jẹ́gẹ́dẹ́, aládíwọ̀n ìlú kan tó wà lórí iyanrìn, fi tirẹ̀ sí i, ó ń yán. Ìkẹta, ìkẹrin. Mákànjúọlá jókòó. Kò sẹ́ni tó mọ̀, ló ń sọ fún ara rẹ̀. Baba kan tí kò ríran ló mọ̀, òun náà kò sì mọ ohun tóun mọ̀. Bí mo bá sọ ti Orí-Òpó, wọ́n á bèèrè ti Ẹ̀bá-Ìbú kí n tó jókòó. Wọ́n á bèèrè ẹni tó kà á. Àwọn tó wà nínú dígí yẹn ti sin òkú mọ́kànlélógún sórí òkè tí kì í ṣe ilẹ̀ wọn. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń sọ fún wọn pé obìnrin kan ló ṣe é.

Dúródọlá dìde. Ó rìn lọ síbi tábìlì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé dígí, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Iná kẹjọ tàn.

"Mákànjúọlá," ni Baba Ẹgbẹ́ wí.

Ó dìde. Ó dé ibi tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mi ò fọwọ́ sí i," ló wí.

Jẹ́gẹ́dẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀mejì ni?"

"Iye náà kò pé. Àwa ará orí omi kì í ka àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀. Ti omi ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Márùn-ún tí Aládíwọ̀n Orí-Òpó kọ, mẹ́fà ni. Mo lọ tún un wò, èmi náà kọ márùn-ún. Gbogbo ilé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Dúródọlá kò tíì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí dígí.

"Àtẹ̀gùn kan," ni Jẹ́gẹ́dẹ́ wí. "Ẹ gbà wá lásìkò nítorí àtẹ̀gùn kan?"

"Ẹ bi ẹ̀rọ," ni Mákànjúọlá wí.

Baba Ẹgbẹ́ bi í. Adíwọ̀n kò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àádọ́sàn-án ó lé kan yọ lójú dígí ńlá, ní àwọ̀ ewé. Nínú apá tí Orí-Òpó wà, obìnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"A fagi lé gbígbé Orí-Òpó," ni Baba Ẹgbẹ́ wí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Gbogbo wọn mọ ohun tó ń bọ̀. "Ìlú orí omi méjì ni a ní tẹ́lẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Mákànjúọlá wí.

"Èmi ni mo tún Ẹ̀bá-Ìbú wò," ni Dúródọlá wí kíákíá. "Iṣẹ́ mi ni kí n rí àṣìṣe, mi ò rí i. Baba, ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀."

"Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ kà á," ni Mákànjúọlá wí.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé ìdajì."

"Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ìdajì." Ó yíjú sí i. "Dúródọlá. Mo ti gbé e lé yín lórí fún ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Obìnrin náà fi etí ìró bo ẹnu.

Ohùn kan jáde látinú dígí ìsàlẹ̀, ohùn tó ti gbó. "Mákànjúọlá."

"Yèyé."

"Bi ẹ̀rọ yẹn nípa ilé tiwa."

"Yèyé, ilé náà kò sí mọ́. Wọ́n ti rẹ́ òpó."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ ẹ. Mo wà níbẹ̀. Bi í."

Ó bi í. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀: Ẹ̀bá-Ìbú, ọgọ́sàn-án ilé, fi àtẹ̀gùn kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye àtijọ́ yọ síta, igba ó lé mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ó yí, ó sì dúró.

Yèyé Ìbídùn kò mọ̀wé. "Kí ló wí?"

"Ọgọ́jọ ó lé mẹ́rin."

"Mi ò bi ọ́ ní iye rẹ̀. Mo ní kí ló wí?"

Mákànjúọlá kọjú sí i. "Ó ní kò yẹ ká kúrò níbẹ̀."

Àwọn tó wà lẹ́yìn Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Wọn kò pariwo, wọn kò bú u. Ọkùnrin kan gbé àga rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde kúrò nínú dígí. Obìnrin kan tẹ̀ lé e. Wọ́n ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku arúgbó náà nìkan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí.

"Wá sọ ọ́ nílé," ni Yèyé wí. "Dígí kọ́ la bí ọ sí."

Dúródọlá ní òun á wà á lọ. Mákànjúọlá ní rárá. Ó bọ́ dígí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Baba Ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ ọ, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn àpáta, tí ó gba orí ilẹ̀ kọjá dé Òkè Àgbékà. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó dé ìdí òkè náà. Ilé ìjọba tò lọ bí eyín, gbogbo wọn jọra, ilẹ̀ wọn sì dúró lé erùpẹ̀ láìní àtẹ̀gùn kankan.

Wọ́n ti jókòó ní gbàgede. Gbogbo wọn ló padà wá. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó wo ibi tí yóò jókòó sí, Yèyé Ìbídùn sì mi orí.

"Dúró bẹ́ẹ̀," ló wí.

Ó ṣí fìlà. Ó ti ro ọ̀rọ̀ kan bọ̀ láti ọ̀nà, ọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀, nípa àṣà, nípa bí kò ṣe sẹ́ni tó mọ̀. Ó wò wọ́n, ó sì jù ú nù.

"Èmi ni mo ka ilé yín," ló wí. "Mo bẹ̀rẹ̀ ní ilé Yèyé Ìbídùn. Àtẹ̀gùn mẹ́fà ni. Mo kọ márùn-ún. Mo bọ́ sí ilé Olúwatúyì. Mẹ́jọ ni. Mo kọ méje."

Kò ní ìwé lọ́wọ́. Kò nílò rẹ̀. Ó ń dárúkọ àwọn ilé náà bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn lórí omi, láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, òpó wọn, pákó wọn, iye tó wà níbẹ̀ àti iye tó kọ. Bó bá dárúkọ ilé kan, ẹni tó ni ín á gbé orí sókè. Àwọn kan ń wí pé, "Èmi nìyí," bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

Nígbà tó dé ilé kọkànlá, kò sẹ́ni tó gbé orí. Ọkùnrin tó ni ín ti kú sórí òkè yìí ní ọdún kẹta, kò sì bímọ. Mákànjúọlá dúró. Kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun fò ó. Atẹ́gùn gba àárín wọn kọjá, ó ń gbé erùpẹ̀.

"Ó ti gbọ́," ni Yèyé Ìbídùn wí. "Máa bá a lọ. A ṣì pọ̀."